Fóònù Ọ̀gá Iléeṣẹ́ Omi Ti Kún

Bí ìgbéraga bá ń pani bí ibà ṣe ń pani ni, ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ì bá ti lọ lọ́jọ́ kejì tó gorí àga. Kò lọ. Ńṣe ló ń sanra. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sí yàrá òkè nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iléeṣẹ́ omi, tó ń gba ojú fèrèsé wo táǹkì ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé bí ẹni pé òun ló lóyún rẹ̀, ó sì gbà tọkàntọkàn pé bí òun bá sín, ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ń ká lára jù ni akọ̀wé rẹ̀, obìnrin kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Àǹtí. Ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ rèé nídìí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá márùn-ún ló ti wá, tó ti lọ lójú rẹ̀. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀gá gan-an, nítorí náà kò sí ìyìn tó ń wọlé tí kì í kọ́kọ́ gba etí rẹ̀ kọjá. Igbákejì ọ̀gá ló máa ń ru ìyìn ọ̀hún wá láràárọ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni wọ́n sọ ọ́, torí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ èsì mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

"Orísun Omi! Odò tí kì í gbẹ! Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ wo bí oòrùn ṣe yọ lónìí, sà. Ó fẹ́ wá kí yín ni."

"Mo rí i," ni ọ̀gá á fèsì. "Ó pẹ́ díẹ̀."

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ńṣe lá á tẹ orí mọ́lẹ̀ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tá á máa fi eyín mú ètè.

Tẹ́lẹ̀, ìwé ńlá kan wà nísàlẹ̀ tí ará ìlú máa ń kọ ẹ̀sùn wọn sí: páìpù bẹ́ níhìn-ín, omi ò yọ lọ́hùn-ún. Nígbà tí ọ̀gá yìí dé, ó ní kí wọ́n lọ ju ìwé náà sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ní ẹ̀sùn tó jẹ́ ti òun kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fojú kan akọ̀wé lásánlàsàn. Gbogbo ẹ̀sùn, gbogbo lẹ́tà, títí kan èyí tó bá ti olú iléeṣẹ́ wá, orí fóònù òun tààrà ni kó máa bọ́ sí. Bí fóònù ṣe di iléeṣẹ́ nìyẹn o. Ìrọ̀rí kékeré kan ni wọ́n ń gbé e lé, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀sùn ẹyọ kan ò wọlé. Ọ̀gá pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ló wí, ó gbé àyà síwájú, ikùn tẹ̀ lé e. "Láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá omi, ǹjẹ́ a ti rí ọ̀gá tí ìlú ò fẹ̀sùn kàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí? A ò rí i! Ìtẹ́lọ́rùn ti bà lé ìlú. Òùngbẹ gan-an ti ń bẹ̀rù mi."

"Ó ń sá, sà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà ké. "Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà!"

Bàbá kan nawọ́ lẹ́yìn. Bàbá Páìpù ni, olórí àwọn tó ń tún páìpù ṣe, tó ti ń wa ilẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀gá ṣì ń tọ̀ sára. "Sà, ẹ forí jì mí o. Àdúgbò tó wà lẹ́yìn ilé ìwé gírámà ò tíì rí omi láti oṣù tó kọjá. Àwọn obìnrin ibẹ̀ fi korobá lé mi lánàá."

"Wọ́n kọ̀wé sí mi?"

"Wọ́n ní àwọn ti rán an sórí fóònù yín, àìmọye ìgbà, sà."

"Kò dé ọ̀dọ̀ mi," ni ọ̀gá wí. "Ohun tí kò bá dé ọ̀dọ̀ mi, kò ṣẹlẹ̀."

"Kò ṣẹlẹ̀ rárá, sà!"

Bàbá Páìpù wò wọ́n títí, ó mi orí, ó jókòó.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n pe tẹlifóònù orí tábìlì Àǹtí láti olú iléeṣẹ́, wọ́n ní alága ìgbìmọ̀ tó ń darí iléeṣẹ́, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní ìyá alága, ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àti pé kí ọ̀gá wà ní sẹpẹ́. Wọn ò sọ ìdí. Àǹtí jíṣẹ́. Ọ̀gá ò béèrè ìdí. "Ẹ̀yẹ ni," ló wí. "Wọ́n fẹ́ bọlá fún mi." Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní ó pẹ́ jù kí wọ́n tó wá.

Ìkejì ni pé ọ̀gá fẹ́ ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú táǹkì láti fi sààmì ìròyìn ayọ̀ náà, fóònù sì kọ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú ara rẹ̀ pé kò sí ààyè mọ́.

"Kò sí ààyè?" ni ọ̀gá kígbe. "Fún èmi?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú fóònù yẹn fún yín. Fọ́tò ọ̀gá ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ọ̀gá níwájú táǹkì. Ọ̀gá lẹ́yìn táǹkì. Ọ̀gá ń ronú nípa táǹkì. Ó tún ní áàpù kan tó máa ń sọ ewú di irun dúdú, tó sì máa ń gé ikùn kúrò lára èèyàn, kò sì sí fọ́tò kan tí ọ̀gá ò kì bọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìwà áàpù. Ọ̀bùn ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ tán, wọn kì í gbálẹ̀; wọ́n á fi èérún àti pàǹtírí sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn lè tún lò ó lọ́la. Iṣẹ́ ikùn ọ̀gá kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí náà pàǹtírí ọ̀hún pọ̀. Fóònù tó bá wá kún dé góńgó báyẹn, kì í lè gba iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti ń kìlọ̀, ọ̀gá sì ń fi àtàǹpàkò sún ìkìlọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí ó ń bo ojú fọ́tò rẹ̀.

Àǹtí mọ oògùn rẹ̀. Fóònù tiẹ̀ kéré, ó sì ti gbó, lóṣooṣù ló ń gbá pàǹtírí inú ẹ̀. Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí ohunkóhun gba ààyè mọ́ lọ́wọ́. Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Iṣẹ́ ohùn mẹ́tàlélógójì tí ìyá náà rán sí i kó tó papò dà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Kò sí àdúrà gígùn kankan níbẹ̀. Ìbínú ló pọ̀ jù: kí ló dé tí o ò gbé fóònù, ṣé àwọn ọmọ ti dé láti ilé ìwé, ṣé o ti jẹun. Bí iṣẹ́ bá sú Àǹtí lọ́sàn-án, á fi ọ̀kan sétí, ọkàn rẹ̀ á sì padà sípò.

Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Pàǹtírí tó wà nínú rẹ̀ la máa gbá. Kò ní kan fọ́tò yín rárá."

Ọ̀gá fa fóònù mọ́ àyà.

"Pàǹtírí," ni ọ̀gá wí, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn. "Nínú fóònù tèmi."

"Háà, Àǹtí!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà fọwọ́ lérí. "Ẹ lọ fọ ẹnu yín! Pàǹtírí kẹ̀? Ọ̀dọ̀ Orísun Omi?"

Àǹtí jáde. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó ti wí tiẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà, ọ̀gá tún pe ìpàdé, ó ti rí ojútùú. Ojútùú yìí, ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí ibi tí wọ́n ti ń fa omi nìkan ló ti lè jáde.

"Kí ni fóònù?" ló bi wọ́n.

"Fóònù ni, sà," ni ẹnìkan fèsì.

"Òpè! Táǹkì ni. Kí ni íńtánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ yìí tí gbogbo wa jọ ń lò? Páìpù ni. Bí páìpù ìsàlẹ̀ bá dí, ibo ni omi ń gbà?"

"Ó ń padà sókè, sà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

"Ta ló wà lókè?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Ó tán! Fọ́tò ọmọ yín, fídíò ìgbéyàwó yín, gbogbo pálapàla tẹ́ ẹ kó sínú fóònù yín nísàlẹ̀ níbẹ̀ ló di páìpù, tó ń ya wá sókè, tó kún fóònù mi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ má bínú sí wọn jù. Bó bá jẹ́ ti omi ni, òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀gá sọ, àwọn tó sì ń gbọ́ ọ ti lo gbogbo ayé wọn nídìí páìpù. Bàbá Páìpù pàápàá họ orí, ó ní, "Omi a máa padà sókè lóòótọ́ o."

Ni àṣẹ bá jáde. Kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ pa ohun tó wà nínú fóònù wọn rẹ́. Fọ́tò márùn-ún péré lẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní, mẹ́rin nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ̀gá. Ẹni tó bá kọ̀, ibùdó ẹ̀rọ ìfami tó wà lódìkejì odò ni wọ́n máa gbé e lọ, níbi tí kò ti sí ilé ìwé, kò sí ọkọ̀, tó jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ lèèyàn ń bá ṣe ìpàdé.

Lọ́jọ́rú, Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbé tábìlì sísàlẹ̀, ó de aago mọ́wọ́, wọ́n tò síwájú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu géètì pa fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ rẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé pa fídíò ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ rìn rẹ́. Ó ní ọmọ náà ṣáà ṣì ń rìn, ó fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú. Ó kan Bàbá Páìpù, ó yọ fóònù kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ra.

"Kò sí fọ́tò níbí, ọ̀gá kékeré. Tọ́ọ̀ṣì ló ní."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ronú gan-an. "Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì náà. Ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ló ń gba ààyè."

Ní gbogbo wákàtí, ọ̀gá ń yọ orí láti òkè: "Ó ṣì kún! Ẹnìkan ṣì ń di páìpù!"

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó ku Àǹtí nìkan. Bẹ́ẹ̀ni-Sà gòkè wá bá a nídìí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kù o."

"Mi ò pa á rẹ́."

"Kí ló wà níbẹ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀?"

Àǹtí kàn tẹ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ohùn náà. Ohùn arúgbó kan sì bú jáde: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun? Má sọ fún mi pé o mu tíì o! Tíì kì í ṣe oúnjẹ! Àbí èmi ló yẹ kí n wá máa fún ọ lóúnjẹ ní ọjọ́ orí rẹ?"

Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ojú Bẹ́ẹ̀ni-Sà yí padà. Òun náà ní ìyá. Ó la ẹnu, bí ẹni fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí. Àfi bí ọ̀gá ṣe wúkọ́ nínú yàrá. "Tó bá di àárọ̀ ọ̀la tí ẹ ò tíì pa á," ló sáré wí, "màá kọ orúkọ yín fún ti odò." Ó sì sá lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí jókòó lẹ́bàá ibùsùn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ méjì ló ní, ìdánwò wọn sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ló máa wà lọ́dọ̀ wọn bí wọ́n bá gbé òun lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́? Ó yan gbogbo mẹ́tàlélógójì. Fóònù bi í bóyá ó dá a lójú. Ó wá rò ó pé òun á máa lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, òun á máa rí ojú ọ̀gá yẹn, òun ò sì ní gbọ́ ohùn yìí mọ́ láéláé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹ rárá, ó ju fóònù sórí ìrọ̀rí, ó ní, "Kí wọ́n gbé mi lọ."

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Wọ́n ti nu gbọ̀ngán títí tó fi ń dán, wọ́n ti to àga, wọ́n ti so fóònù ọ̀gá mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ìyá alága àti àwọn ará olú iléeṣẹ́ wọlé. Arúgbó tín-ín-rín kan ni ìyá náà, tó ń fi ọ̀pá rìn, tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ki ọ̀gá fún ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀gá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ki ara rẹ̀ fún ọgbọ̀n.

"... ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mà, kò sí ẹ̀sùn kan ṣoṣo! Ó ku díẹ̀ kó pé méje! Ẹ wo ògiri, kí ẹ fojú ara yín rí ẹni tó ṣe é."

Gbogbo ojú lọ sí ògiri. Dípò ọ̀gá àti táǹkì, ohun tí wọ́n rí, tó tóbi tó ilẹ̀kùn, ni: KÒ SÍ ÀÀYÈ MỌ́.

Ọ̀gá yí padà bí ìjì. Ó na ìka sí Àǹtí. "Obìnrin yìí ni! Mà, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti tú fóònù wọn sílẹ̀ fún mi, òun nìkan ló kọ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ló fi di páìpù mi! Ọjọ́ Ajé ló ń lọ sí òdìkejì odò."

Ìyá alága bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ẹ tún un sọ. Ohùn ìyá ta ló di kí ni?"

Ọ̀gá tún un sọ. Ó fi táǹkì sí i, ó fi páìpù sí i, ó fi ìsàlẹ̀ àti òkè sí i. Bó ṣe ń ṣàlàyé tó bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ń ya àwọn àlejò tó. Nígbà tó parí, ìyá alága yíjú sí akọ̀wé.

"Ọmọ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Àǹtí dìde. Ẹni tó ti gbà láti lọ bá ọ̀pọ̀lọ́ gbé, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà á? "Rárá, mà. Pàǹtírí ló wà nínú fóònù wọn. Ìṣẹ́jú méjì ni."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan—"

"Ẹ gbé e fún un," ni ìyá alága wí.

Lójú gbogbo ayé, lára ògiri, Àǹtí ṣí ibi tí fóònù ti ń to ohun tó gba ààyè rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Orí gbogbo rẹ̀ ni áàpù tó ń dín ikùn kù wà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó fi ikọ́ bò ó. Àǹtí tẹ ibi tí wọ́n ti ń gbá pàǹtírí nìkan. Kò fọwọ́ kan fọ́tò ọ̀gá, ẹyọ kan. Fóònù mí kanlẹ̀.

"Ẹ rí i!" ni ọ̀gá wí. "Ààyè ti dé. Ẹ jẹ́ ká máa bá ẹ̀yẹ mi lọ."

Fóònù dún. Ó tún dún. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń ya wọlé, ògiri ń kà á síta. *Páìpù ti bẹ́ níwájú ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀gá omi, ṣé ẹ̀yin ń wẹ̀? Torí àwa ò wẹ̀ mọ́.* Ọ̀gá fi ara bo ògiri, ọ̀rọ̀ wá ń gba orí agbádá rẹ̀ kọjá, wọ́n ṣì ń kà á.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà olú iléeṣẹ́ dé, mẹ́ta, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Ìyá alága ní kí Àǹtí ka ìkẹta. Ó kà á: "Níwọ̀n bí ẹ ò ti dáhùn lẹ́tà wa méjèèjì lórí omi tí ìlú ò rí, bí a ò bá gbúròó yín láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, a ó gbà pé ẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra yín."

"Ó di ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí," ni ìyá alága wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà."

"Mà, kò dé ọ̀dọ̀ mi!" ni ọ̀gá kígbe. "Mo búra, lẹ́tà náà ò dé ọ̀dọ̀ mi!"

Ohùn Bàbá Páìpù dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ohun tí kò bá dé ọ̀dọ̀ yín, kò ṣẹlẹ̀, sà."

Ẹ̀rín tó bú jáde, ó mi fèrèsé. Ọ̀gá wo igbákejì rẹ̀ pé kó gba òun. Igbákejì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìyá alága.

"Ṣé o rí i bí ọ̀gá rẹ ṣe ba iṣẹ́ jẹ́?" ni ìyá alága bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé ìwé ẹ̀sùn padà láti yàrá ẹ̀yìn, Bàbá Páìpù ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìwé gírámà, igbákejì sì ti yọ́ wá sídìí tábìlì Àǹtí. "Àǹtí mi dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò ọ̀gá irínwó ló wà lórí fóònù mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan?" Àǹtí ní kó máa pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó pa fọ́tò tiwọn rẹ́ lọ́jọ́rú ò ṣáà lè rí i mọ́.

Àǹtí jókòó. Ó fi fóònù sétí. "Ṣé o ti jẹun?" ni ìyá rẹ̀ bi í. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá oúnjẹ.

Lẹ́nu géètì ló ti bá ọ̀gá. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ ò gbé e mọ́, ó dúró nínú oòrùn pẹ̀lú ìrọ̀rí kékeré lábẹ́ abíyá, ó ń wo ojú fóònù. Ààyè pọ̀ níbẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì pè. Àǹtí ti fẹ́ kọjá. Inú ṣì ń bí i, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dúró fúnra rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti jẹun, sà?"

Ọ̀gá gbójú sókè. Ó dà bí ẹni tí wọ́n bá sọ èdè tó ti gbàgbé. Ó ronú díẹ̀, ó mi orí.

"Rárá," ló wí. "Kò sẹ́ni tó bi mí."